Ẹ̀bẹ̀ Tí Ẹ Bá Mi Bẹ̀

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì

Màámi,

Wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ ná kí n tó kí yín, torí bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, màá kí yín títí ìwé á fi kún, mi ò sì ní sọ ọ́. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn nínú àwọn tí mo ti kọ tí mo sì ti fà ya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìjókòó ìdí máṣíìnì. Ṣé ẹsẹ̀ yín tó ń wú ti fà? Ṣé obìnrin tó ní kí ẹ tú kọ́là aṣọ òun rán lọ́tun nígbà gbogbo yẹn ti fi yín sílẹ̀ kí ẹ sinmi?

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù. Fóònù tèmi gan-an ti kọ̀, kì í gba ìpè mọ́. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní ó ń ṣiṣẹ́, ohùn yín á yí padà, èmi náà á wá máa rẹ̀ yín lẹ́kún, a ò sì ní sọ nǹkan kan.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́rú ni. Èmi àti ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ṣíìtì. Ẹ mọ̀ pé ṣíìtì ilé ìwòsàn àti ti òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà gùn ju pálọ̀ yín lọ, ooru ẹ̀ sì máa ń bẹ́ síni lójú bí ẹni ṣí ìkòkò. Èèyàn méjì ló ń dúró lẹ́nu ẹ̀. Bí ṣíìtì bá ti jáde, oníkálukú á di igun tiẹ̀ mú, a ó rìn pàdé ara wa, a ó ká a, a ó tún padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́. Bí ẹnì kan bá kúrò, ṣíìtì á máa ya sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó lè dá a ká.

Ìgbà náà ni wọ́n pè láti ibi tí wọ́n ń bá mi tọ́jú Màmá Kékeré. (Ẹ ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ti ń pe ọmọ-ọmọ yín ní Màmá Kékeré báyìí, torí iwájú orí yín ló gbé wá, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń di ojú bí ẹni tí wọ́n ba aṣọ ẹ̀ jẹ́.) Wọ́n ní ara ẹ̀ gbóná, ó ń bì, kò sì la ojú dáadáa. Ọ̀gá wa obìnrin ló wá sọ fún mi. Oníkọ́kọ́rọ́ là ń pè é lẹ́yìn, torí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé náà ló wà ní ìbàdí ẹ̀, ó ń dún ṣaworo kí òun fúnra ẹ̀ tó yọ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n sáré lọ gbé e."

Ó ní, "Ta ló máa di igun kejì mú? Ṣé èmi ni?"

"Màá padà wá, mà."

"Bó o bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, má wulẹ̀ padà wá mọ́."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ká ní ó jágbe ni, bóyá màá bú sẹ́kún, bóyá àánú á ṣe é. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀.

Ni mo bá bọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé èèyàn ò gbọdọ̀ wọ nǹkan oní-nǹkan jáde nílé ẹ̀. Mo ká a, mo fi apá ẹ̀ sínú, mo gbé e sórí tábìlì ẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù mi lé e lórí. Mo tẹ orúnkún díẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo jáde.

Ọ̀nà ọ̀fun ló ń yọ ọmọ náà lẹ́nu. Wọ́n ti fún un lóògùn, ó ti ń ju ṣíbí káàkiri.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ síbi iṣẹ́ bí mo ṣe máa ń lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ló sọ. Ọkùnrin ẹnu géètì wò mí, ó ní, "Ìwọ! Wọ́n ní o ti fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"O dá aṣọ padà, o dá kọ́kọ́rọ́ padà, o tún dúpẹ́. Kí ló wá kù? Ṣé kí wọ́n ṣe ẹyẹ ìdágbére fún ọ ni?"

Àṣé bí ẹni tó bá fẹ́ kúrò pátápátá ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Á ká aṣọ, á fi kọ́kọ́rọ́ lé e, á gbé e sórí tábìlì Oníkọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò mọ̀. Kò tíì sí ẹni tó kúrò lójú mi rí.

Màámi, yàrá tí èmi àti ọmọ ń sùn yìí, tiwọn ni. Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ náà ló wà, lórí àtẹ̀gùn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n lé mi láìṣẹ̀, òfin ní wọn ò lè lé mi nínú yàrá, ó sì lè ní kí wọ́n gbà mí padà. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, yàrá ti bá iṣẹ́ lọ. Bàbá ọmọ, ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tó ti kó lọ sí ìlú kejì, kò kọ̀wé, kò sì pè. Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju yàrá yìí lọ.

Mi ò tíì sunkún. Mo ń retí ẹkún náà, kò wá. Mo kàn ń nu fèrèsé.

Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe ohunkóhun. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kó má jẹ́ pé ibòmíràn lẹ ti gbọ́.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyá mi tó wà lọ́wọ́ rẹ. Mi ò ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ náà wà bó ṣe wà, ó ń wú, ó ń fà, òun ló mọ ohun tó ń wá.

Ìdí máṣíìnì ni lẹ́tà rẹ bá mi. Mo kà á tán, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀.

Kọ́kọ́ dá mi lóhùn: ṣé ọmọ náà ti ń gbé nǹkan mì dáadáa? Má fún un ní ohun tútù o. Kí o sì yéé gbé e gba inú afẹ́fẹ́ láìdi orí ẹ̀. Mo mọ̀ pé o kì í di orí ẹ̀.

Ó dáa. Wá gbọ́ báyìí. Mi ò ní kí o má lọ gbé ọmọ rẹ. Bí o bá jókòó ti ṣíìtì tí ọmọ-ọmọ mi ń bì, èmi fúnra mi ni ǹ bá lé ọ kí wọ́n tó lé ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ irú ojú tí o ní. Láti kékeré, bí wọ́n bá bá ọ wí, o ò ní dáhùn, o ò ní sunkún, ojú rẹ á kàn gbẹ bí pátákó, wàá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká nǹkan. Ẹni tó bá rí ọ á ní, "Áà, eléyìí ń bá mi ṣe ìgbéraga." Ohun tí obìnrin yẹn rí nìyẹn. Kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Ta ló máa sọ fún un?

O ní o tẹ orúnkún díẹ̀. Díẹ̀ bíi ti báwo? Orúnkún ni àbí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí kí ológbò lè wọlé? Ò bá kúnlẹ̀ dáadáa! Ò bá di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú! Ẹni tó mú yàrá rẹ lọ́wọ́ kọ́ ni o fẹ́ máa bá ro ẹjọ́. Ẹ̀bẹ̀ ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí ìwọ ò tíì wáyé, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi dúró, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Àmọ́ o ká aṣọ wọn o. O fi apá ẹ̀ sínú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín.

O tún ní kí n má ṣe ohunkóhun. Ṣé ará ìta ni mo jẹ́ sí ọ ni? Kí n máa rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ oníbàárà, kí ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ máa wá yàrá kiri? Mo pe fóònù rẹ, kò wọlé. Mo wá yá fóònù aládùúgbò, mo pe Ẹlẹ́rìn-ín. Òun ló bá ọ wá iṣẹ́ náà, ọmọ àbúrò bàbá mi ni, ibẹ̀ náà ló sì ti ń gba aṣọ ìdọ̀tí wọlé. Mo ti sọ ohun tó yẹ kí ìyá sọ fún un. Má béèrè. Yóò dáa.

Di orí ọmọ náà.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejì

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mi ò tíì rí èsì yín. Bóyá ó wà lójú ọ̀nà, bóyá inú ló ń bí yín. Mo ń sọ fún ara mi pé ojú ọ̀nà ló wà.

Ara Màmá Kékeré ti yá. Ó ti ń di àga mú rìn.

Mo ti rí ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí a jọ ń ká ṣíìtì ló ní kí n lọ bá a. Ọ́fíìsì ẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe, ibẹ̀ ń rùn bíi gọ́ọ̀mù. Ó bi mí léèrè ohun kan náà títí: "Ṣé ìwọ lo fi iṣẹ́ sílẹ̀ àbí wọ́n lé ọ?" Mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Rárá, dáhùn: èwo nínú méjèèjì?" Mo ní wọ́n lé mi. Ó ní kí n tún un sọ, kó má jọ ẹni tó ń béèrè. Mo tún un sọ. Ó ní ó ṣì jọ ọ́.

Àmọ́ ó ní ẹjọ́ wa dúró dáadáa. Ó ní ọ̀rọ̀ tí Oníkọ́kọ́rọ́ sọ, ẹnì kejì mi gbọ́ ọ, ó sì ṣe tán láti sọ ọ́. Ó ní ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kì í jí lọ́jọ́ kejì kó tún gba ẹnu géètì wọlé. Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n á jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Títí di ìgbà náà, a ṣì lè máa sùn sínú yàrá. Ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má lọ bá àwọn ará ilé ìfọṣọ sọ ohunkóhun o. Jẹ́ kí ẹnu wọn nìkan máa sọ̀rọ̀." Mo ní kò sẹ́ni tó máa lọ.

Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín ń yà fún mi. Mo rí wọn lórí àtẹ̀gùn lánàá, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí." Wọ́n ní, "Ẹn, káàárọ̀," wọ́n sì sáré sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé Àǹtí máa ń rẹ́rìn-ín níbi òkú.

Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ẹ̀rọ náà láti yàrá. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi á dìde fúnra ẹ̀. Mo sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò mú nǹkan kan dání.

Ẹ kọ̀wé sí mi.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti rí lẹ́tà yín, ọjọ́ kejì ìjókòó ìgbìmọ̀ ló dé. Ì bá ti dé ṣáájú ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìjókòó náà ṣe lọ, kí ẹ lè rí i bí mo ṣe rí i.

Yàrá gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ni, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú sílẹ̀, èèyàn mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì. Obìnrin àgbàlagbà kan ni alága. Mo gbé Màmá Kékeré dání torí mi ò rẹ́ni fi í sílẹ̀ fún. Ó sùn. Ẹnì kejì mi sọ ohun tó gbọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa, Ọlọ́run bù kún un. Oníkọ́kọ́rọ́ ní òun lè ti sọ bẹ́ẹ̀, òun ò rántí, ariwo ẹ̀rọ pọ̀. Alága kọ nǹkan sílẹ̀. Ọkùnrin ẹgbẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, bí ẹni pé a ti borí.

Ni ọkùnrin ọ́fíìsì ilé ìfọṣọ bá dìde. Ó ní, "Ẹbí rẹ̀ wá bẹ̀ wá."

Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń sọ.

Ó ní obìnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún mi, wọ inú ọ́fíìsì òun, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú òun àti Oníkọ́kọ́rọ́, kò fẹ́ dìde. Ó ní obìnrin náà sọ pé, "Ẹ forí jì í. Ọmọdé ló ń ṣe é. Kò yẹ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ló ní kí n bá òun bẹ̀ yín."

Alága bọ́ awò ojú ẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní mi ò sí níbẹ̀.

Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé wọ́n lé ọ láìṣẹ̀, kí ni ìyá rẹ ń tọrọ àforíjì lé lórí?"

Màámi, mo la ẹnu. Mo mọ èsì náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kò ṣeé gbé sórí tábìlì yẹn. Mo ní, "Bí a ṣe ń ṣe nílé nìyẹn, mà."

"Ẹ máa ń gbà pé ẹ jẹ̀bi ohun tí ẹ ò ṣe?"

"Rárá, mà. A kàn máa ń bẹ̀bẹ̀ ni."

Wọ́n wo ara wọn. Ọkùnrin ẹgbẹ́ fi ọwọ́ bo iwájú orí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kí wá ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì?" Èmi tí mo jáde ilé ìwé gírámà, tí mo gba máàkì tó dáa nínú àlàyé ṣíṣe, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Màmá Kékeré jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n ní ká lọ, ká padà wá níparí oṣù tó ń bọ̀.

Nígbà tí a jáde, ọkùnrin ẹgbẹ́ ní, "Mo ní kí ẹnikẹ́ni má lọ." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ yẹn ni wọn ó fi mú ọ." Kò bínú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́.

Mo sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe ohunkóhun. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ kà á. Ẹ nu awò ojú yín, ẹ tún un kà. Ẹ sì dìde ẹ lọ yá fóònù aládùúgbò.

Mi ò bú yín o. Inú tiẹ̀ kì í bí mi bó ṣe yẹ. Bí mo bá ń wá ìbínú náà, ibi tó yẹ kó wà ló kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́. Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀: kí gan-an lẹ sọ fún Àǹtí? Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n sọ pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni? Ṣé ohun tí ẹ gbà gbọ́ nìyẹn?

Mò ń di orí ọmọ.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹta

Màámi,

Ẹ káàsán o. Ẹ ò fèsì. Mo bi àwọn tó ń pín lẹ́tà, wọ́n ní kò sí nǹkan kan fún mi.

Bóyá mo le sí yín jù. Mo tún ohun tí mo kọ rò, ibi tí mo ti mẹ́nu ba awò ojú yín kò dáa. Àmọ́ mi ò lè yọ ọ́ mọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹnì kan láti ọ́fíìsì wá wo yàrá. Ó wọn ibi tí fèrèsé wà. Ó ní òun kàn ń wọ̀n ọ́n ni.

Ẹ jọ̀ọ́, bó jẹ́ ìlà kan péré, ẹ kọ ọ́.

Èmi ni.


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ìyá mi.

Mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé torí mi ò mọ ohun tí mo máa kọ. Mo gé aṣọ oníbàárà kan ní àgéjù nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì bẹ̀ ẹ́. O rí i? Ìyẹn, mo jẹ̀bi ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń bẹ àwọn tí mi ò jẹ̀bi wọn, ẹnu kan náà ni. Nígbà tí òrùlé onílé wa jò sórí aṣọ tí mo ti rán tán, ta ló bẹ ta? Èmi ni mo kúnlẹ̀ fún onílé. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá, òrùlé yín ti ba aṣọ mi jẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe. Ká ní mo gbé e lọ sílé ẹjọ́ ni, màá ṣì máa gbé bàsíà sábẹ́ ẹ̀ dòní.

Obìnrin alága yẹn béèrè pé kí ni ìyàtọ̀. Kó wá bi mí. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kò sọ pé òun ṣe é. Ohun tó ń sọ ni pé, ọwọ́ rẹ ni nǹkan wà, ṣàánú mi. Ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n.

O bi mí ní ìbéèrè, màá dáhùn. Ohun tí mo sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín nìyí: "Bá mi kúnlẹ̀ fún wọn, ní kí wọ́n má bínú sí ọmọ mi, kí wọ́n fi yàrá sílẹ̀ fún un." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sọ pé o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò sì sọ pé o kò fi í sílẹ̀. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni máa béèrè. Lójú tèmi, ìjà ti ṣẹlẹ̀, kí ìjà parí ni mò ń wá.

O tún bi mí bóyá mo gbà gbọ́ pé ìwọ lo fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò ó. Má bínú. Wò ó, mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ pe àwọn èèyàn yẹn kí n ṣàlàyé. Ẹlẹ́rìn-ín ti pè mí ṣáájú. Kò rẹ́rìn-ín rárá, ó ń sunkún. Ó ní bí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo rán òun, wọ́n á ní òun purọ́ nínú ọ́fíìsì, wọ́n á lé òun náà, nígbà náà ẹ̀yin méjèèjì ẹ ó jọ wà níta. Ọmọ mi, òun ló mú ọ débẹ̀. Ó gbé ọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ nígbà tí o dé. Mo ní kí ni kí n ṣe? Kí n fa ọ̀kan yọ nínú kòtò, kí n ti èkejì sínú ẹ̀?

Nítorí náà mo dákẹ́.

Padà wálé. Yàrá rẹ wà. Aṣọ oníbàárà ló kún ibẹ̀, màá kó wọn kúrò. Màá gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ, wàá sùn.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ kú ẹsẹ̀ wíwú. Mo rí lẹ́tà yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ dá mi lóhùn láìfi nǹkan kan pamọ́.

Ibi tí ẹ ti ní kí n padà wálé, mo kà á nígbà mélòó kan, mò ń retí kí ara mi sọ nǹkan. Kò sọ ọ́. Bóyá tó bá yá. Ní báyìí, bí mo bá ní màá dìde, mi ò mọ ibi tí màá gbé ẹsẹ̀ sí. Ọmọ yìí ti mọ yàrá yìí. Ó ti mọ àtẹ̀gùn, ó mọ ibi tí ògiri ti ń móoru nítorí ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń fi ẹ̀yìn tì. Mi ò fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀ lórí ohun tí mi ò ṣe.

Ọkùnrin ọ́fíìsì wá sí yàrá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bí mo bá fọwọ́ sí i pé ìfẹ́ inú ara mi ni mo fi kúrò, wọ́n á jẹ́ kí n lo oṣù kan sí i, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ mi dáadáa fún ẹni tó bá tún fẹ́ gbà mí. Ó gbé bírò sí mi lọ́wọ́. Mo di bírò náà mú. Mo rò ó, Màámi, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ó rọrùn. Ohun gbogbo ì bá dákẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó, ó ní kò burú, ó gba bírò ẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín gun òkè wá. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jókòó.

Wọ́n ní, "Ṣé o ń bínú sí mi?"

Mo ní, "Rárá, Àǹtí. Ẹ wọlé."

"Irọ́ ni. Ojú ẹ gbẹ bíi ti pátákó."

"Bí ojú mi ṣe rí nìyẹn. Ẹ bi Màámi."

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé Màmá Kékeré lé ẹsẹ̀, ó sì ń fa yẹtí wọn. Mo bi wọ́n: "Àǹtí, ibi tí ẹ ti ní kò yẹ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé Màámi ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ní, "Rárá. Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀. Mò ń wá ohun tó máa dùn mọ́ wọn nínú. Mo ní bí mo bá ti gbà fún wọn, ojú wọn á rọ̀. Ojú wọn sì rọ̀ lóòótọ́. Ọkùnrin yẹn tiẹ̀ fà mí dìde. Mo jáde, mo ní mo ti bá ọ tún un ṣe." Wọ́n nu imú ọmọ. "Mo ní mo ti tún un ṣe."

Mo bu omi fún wọn.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní, "Má pè mí síwájú àwọn èèyàn yẹn. Mi ò lè ṣe é, ẹ̀rù ń bà mí. Àmọ́ bí ìyá ẹ bá sọ ohun tó rán mi gan-an, mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, màá ní èmi ni mo fi tèmi kún un."

"Bí wọ́n bá wá lé yín ńkọ́?"

"Wọn ò tíì lé mi ná," ni wọ́n sọ.

Mo sọ fún ọkùnrin ẹgbẹ́. Ó ní kò tíì pẹ́ jù. Ó ní ìgbìmọ̀ á gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, yálà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tàbí wọ́n pè yín lórí fóònù aládùúgbò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ òun kí wọ́n tó jókòó níparí oṣù yìí. Òun ló bi mí bóyá ẹ máa gbà. Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ, mi ò mọ̀. Ẹ ní ẹ ti dákẹ́, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Ẹ̀rù ohun tó lè bá Àǹtí ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n Àǹtí ti sọ ohun tí wọ́n lè gbà, wọ́n sì sọ ọ́ fúnra wọn, mi ò fipá mú wọn. Ó wá ku ẹ̀yin.

Bí ẹ bá ní ẹ ò ní ṣe é, ẹ sọ fún mi, màá lọ gba bírò yẹn. Mi ò ní bá yín jà. Mi ò tiẹ̀ ní agbára ẹ̀.

Bí ẹ bá máa ṣe é, ohun mẹ́ta ni kí ẹ sọ. Ẹ sọ pé mi ò ní kí ẹ bẹ ẹnikẹ́ni, pé mo tiẹ̀ ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi rán Àǹtí, bí ẹ ṣe kọ ọ́ sí mi. Kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ jẹ́, bí ẹ ṣe sọ ọ́ nínú lẹ́tà yín. Èmi gbìyànjú ẹ̀, wọn ò gbọ́ ọ. Ó yé mi jù nígbà tó ti ọ̀dọ̀ yín wá.

Àmọ́, Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ yín. Bí obìnrin alága yẹn bá gbé fóònù, tí ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀, ẹ ẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ máa sọ pé, "Ẹ má bínú, ìyá mi, ẹ ṣàánú ọmọ mi." Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga. Ẹ má bẹ̀ wọ́n rárá. Ẹ kàn sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ẹ̀bẹ̀ náà bá kún ẹnu yín, ẹ fi pa mọ́ dè mí, kí ẹ fi bẹ èmi tí gbogbo ẹ̀ bá parí. Èmi máa gbà á.

Ọmọ ti jí, ó ń na ọwọ́ sí ìwé yìí. Mo ní láti dákẹ́ síbí.

Ẹ jọ̀ọ́, mà, bó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bó jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tètè fèsì.

Èmi ni ọmọ yín.